Tẹ́tẹ́ Àwọn Àgbà, Gbèsè Àwọn Ọmọ

Ní ọdún 1993, fíìmù kan tí wọ́n yà ní Dushanbe, olú-ìlú Tajikistan ní àárín gbùngbùn Éṣíà, gba ẹ̀bùn Kìnnìún Fàdákà ní àjọ̀dún fíìmù Venice ní ilẹ̀ Ítálì. Kosh ba Kosh ni wọ́n ń pè é. Bakhtyar Khudojnazarov ló darí rẹ̀, ọmọ bíbí Dushanbe, ẹni ọdún 28 péré nígbà náà. Ogun abẹ́lé ń jà ní ìlú náà bí iṣẹ́ fíìmù ṣe ń lọ lọ́wọ́. Wọn kò kọ́ ìlú ogun kankan sí inú sítúdíò. Ìgboro ni wọ́n gbé kámẹ́rà sí, ogun sì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé.

Mo ti wo ọ̀pọ̀ fíìmù ogun tí mi ò rántí ojú ẹnì kankan nínú wọn mọ́. Èyí kò kúrò lọ́kàn mi. Kò sí akọni ológun nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó dúró sórí pèpéle tó ń sọ bí orílẹ̀-èdè ṣe yẹ kó rí. Àwọn ọkùnrin tó yí ìdí tẹ́tẹ́ ká ló wà níbẹ̀, àti ọmọbìnrin kan tó ti Moscow dé, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tọ́jú ọkọ̀ tó ń rìn lórí wáyà láàrin ìgboro àti orí òkè. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí mo ti kà nípa ogun Tajikistan, kò sí èyí tó fi yé mi tó bẹ́ẹ̀ pé ẹni tó ta tẹ́tẹ́ kọ́ ló sábà máa ń san gbèsè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, òun ni mo sì fẹ́ sọ.

Mira ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Paulina Galvez ló ṣe é. Ó padà wálé wá bá bàbá rẹ̀ ní Dushanbe ní àkókò tí ẹni tó bá rí ọ̀nà ń sá kúrò níbẹ̀. Bàbá yìí kì í ṣe ìkà ènìyàn tí a ó wò tí ara wa ó bù máṣọ. Bàbá àgbàlagbà lásán ni, tí tẹ́tẹ́ ti wọ̀ lẹ́jẹ̀. Owó kọ́kọ́ lọ, ohun ìní tẹ̀lé e, títí ó fi kan ọmọ. Ó fi Mira ta tẹ́tẹ́, ó sì pàdánù rẹ̀. Daler, tí Daler Majidov ṣe, ló ń tọ́jú ọkọ̀ orí wáyà yẹn. Òun náà kì í jìnnà sí ìdí tẹ́tẹ́. Ọkàn rẹ̀ fà sí Mira, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí yóò ṣe wà pẹ̀lú rẹ̀ ní ìlú tí òfin kónílé-ó-gbélé ti mú, tí ọkọ̀ ogun ń kọjá ní òpópó, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó ń yìnbọn fún ẹni.

Ohun tó kọ́kọ́ dùn mí nínú ìtàn yìí ni pé kò ṣàjèjì sí mi. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí gbèsè bá wọ̀ lọ́rùn lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ wọfà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó ni èlé orí owó náà. Owó gan-an kì í dín. Ọjọ́ tí owó bá pé ni ọmọ tó padà sílé bàbá rẹ̀. Àwọn àgbà máa ń tẹnu mọ́ ọn pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, pé ọmọ bíbí inú ilé ni í ṣe, pé orúkọ àti ìran rẹ̀ wà lára rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo máa ń ro ti ọmọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n jí láàárọ̀ kùtùkùtù láti lọ kọ ebè lóko ẹlòmíràn, nítorí owó tí wọ́n fi sìnkú bàbá àgbà tí kò mọ̀ rí. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin ẹrú àti ìwọ̀fà, báwo ló ṣe rí lẹ́yìn ọrùn tirẹ̀ nínú oòrùn? Ti Mira tún wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ̀fà ní iye owó tó bá pé tí yóò dá a sílẹ̀, àwọn ẹlẹ́rìí sì wà nígbà tí wọ́n ń yá owó náà. Àwọn tó fi Mira ta tẹ́tẹ́ kò ní ẹlẹ́rìí kankan àfi ara wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí fíìmù yìí fi wúwo tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ díẹ̀ nípa ìlú tí wọ́n ti yà á. Tajikistan ló tòṣì jù lọ nínú gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà lábẹ́ ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì. Òkè ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ wọn, òwú sì ni ìjọba ń fi dandan gbìn ní àwọn àfonífojì. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1991, wọ́n kéde òmìnira. Kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n fi ń para wọn. Ní ìgbà ìrúwé ọdún 1992, èrò pé jọ sí gbàgede méjì ní Dushanbe. Àwọn alátakò ìjọba wà ní gbàgede Shahidon: àwọn tó fẹ́ ìjọba tiwa-n-tiwa, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀sìn Ìsìláàmù, àwọn ará òkè Pamir, àwọn ará Gharm. Àwọn tó ń gbe Ààrẹ Rahmon Nabiyev lẹ́yìn wà ní gbàgede Ozodi, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wá láti Kulob ní gúúsù. Gbàgede méjèèjì kò jìnnà síra. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, kò sí ẹni tó kúrò níbẹ̀. Nígbà tó yá, ìjọba pín ìbọn fún àwọn tirẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn nìyẹn ní oṣù Karùn-ún.

Mi ò ní ka gbogbo ohun tó tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992, àwọn ọ̀dọ́ tó dira ogun dá Nabiyev dúró ní pápákọ̀ òfurufú Dushanbe, wọ́n sì fi ipá gba ìwé ìkọ̀wéfipòsílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá, àwọn aṣòfin ṣèpàdé ní Khujand ní àríwá, wọ́n fi Emomali Rahmonov ṣe olórí; òun náà ló ṣì wà lórí àlééfà títí di òní. Ní oṣù Kejìlá, àwọn ọmọ ogun tó ń tì í lẹ́yìn wọ Dushanbe. Èyí tó ń lọ lọ́kàn mi ṣáá ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn: wọ́n ń dá ọkọ̀ dúró, wọ́n ń gba ìwé ìdánimọ̀ wò. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá fi hàn pé Gharm tàbí Pamir ni wọ́n bí i sí, wọ́n á ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ báyẹn kò délé mọ́. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sá la odò Panj kọjá lọ sí Afghanistan, ilẹ̀ tí ogun tirẹ̀ náà kò tíì parí. Àwọn kan kú sínú odò náà. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 1997 ni wọ́n tó buwọ́ lu ìwé àlàáfíà ní Moscow. Iye àwọn tó kú kò dọ́gba nínú ìwé tí à ń kà: àwọn kan ní 20,000, àwọn mìíràn ní ó ju 50,000 lọ dáadáa.

Ta ló bi ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn bóyá ó fẹ́ kí wọ́n fi ibi tí wọ́n bí i sí ta tẹ́tẹ́? Àwọn tó wà ní gbàgede méjèèjì ní ohun tí wọ́n gbàgbọ́, mi ò sì ní pẹ̀gàn ìgbàgbọ́ wọn. Ẹbí ẹlòmíràn wà níbẹ̀ tí kò jẹun láti òwúrọ̀ nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ayé ọmọ wọn dára. Ṣùgbọ́n àwọn olórí tó wà lẹ́yìn wọn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń fi ohun tí kì í ṣe tiwọn ta á. Bí Khudojnazarov ṣe gbé bàbá àti ọmọ yìí kalẹ̀ nínú ìlú náà ní àsìkò náà, kò nílò láti dárúkọ olóṣèlú kan ṣoṣo. Ó tó kí a rí àwọn àgbàlagbà tó tẹjú mọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ, tí wọn kò gbójú sókè wo ọmọbìnrin tí ọ̀rọ̀ kàn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ọkọ̀ wáyà yẹn, nítorí òun gan-an ni ọkàn fíìmù náà wà.

Dushanbe wà nínú àfonífojì Hisor. Odò Varzob ń ti àríwá sọ̀ kalẹ̀ gba ìlú kọjá, àwọn òkè ńlá tí yìnyín bo orí wọn sì wà lẹ́yìn ìlú bí ògiri. Láyé Sófíẹ́ẹ̀tì, wọ́n ṣe ọkọ̀ orí wáyà tó ń gbé àwọn ará ìlú lọ sókè ibi ọgbà ìgbafẹ́, kí wọ́n lè jókòó, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n wo ìlú nísàlẹ̀. Ohun fàájì ni wọ́n ṣe é fún, fún ọjọ́ ìsinmi, fún ọmọdé àti ẹni tó ń fẹ́ra. Ogun dé, ọkọ̀ náà kò yí padà. Daler ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn àpótí kékeré yẹn ṣì ń rọra gòkè, wọ́n ń rọra sọ̀ kalẹ̀, lókè orí igi àti òrùlé ilé, bẹ́ẹ̀ ni ìlú ń wó nísàlẹ̀.

Ibẹ̀ ni Mira àti Daler ti rí àyè ara wọn. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ìfẹ́ orí wáyà yìí jẹ́ àlá lásán, pé olùdarí fíìmù sá fún ogun náà ni. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ wo ọkọ̀ náà dáadáa. Kò lè yà sọ́tùn-ún, kò lè yà sósì. Orí wáyà kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀. Kò lè gbé wọn kúrò ní Dushanbe, kò tilẹ̀ lè gbé wọn dé ẹ̀yìn òkè. Òmìnira tó wà nínú rẹ̀ kéré, ó ní òpin, ìsàlẹ̀ ni wọn yóò sì padà sí. Àmọ́ ní ìwọ̀n ìgbà tí wọ́n fi wà lókè, kò sí ẹni tó lè fi wọ́n ta ohunkóhun, nítorí kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó wọn. Ẹni tó ti gbé ní ìlú tí apá rẹ̀ kò ká mọ́ yóò mọ̀ pé irú àyè báyìí kì í ṣe àlá. Òun ni ènìyàn fi ń rí agbára jí lọ́jọ́ kejì.

Georgi Dzalaev ló di kámẹ́rà mú, ó sì mọ ohun tó ń ṣe. Kò sáré. Kò fi ìbọn dẹ́rù bà wá. Nígbà tó bá gbé ojú wa sókè sí àwọn òkè, ó máa ń jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀, kí a lè rí i pé àwọn òkè yẹn kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Màmá mi ni mo jọ wo fíìmù yìí. Wọn kò gbọ́ èdè Tajik, wọn kò gbọ́ èdè Rọ́ṣíà, èmi náà kò gbọ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ni mo ń kà sí wọn létí. Mo ti ń ṣàlàyé ogun fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀: gbàgede méjì, ìbọn, Kulob, Gharm. Wọ́n gbọ́ mi, wọn kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tó di pé bàbá Mira ti jẹ gbèsè tẹ́tẹ́ ni wọ́n tó yíjú sí mi.

“Ṣé ó bi ọmọ náà léèrè?”

“Rárá, Màámi. Kò bi í.”

“Ṣé ogun ló ní kó má bi í?”

Mi ò rí ohun tí mo lè sọ. Wọ́n ní, “Ogun yìí tí ò ń tò fún mi láti àárọ̀, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ilé yẹn ti tú kí ìbọn tó dún. Ọkùnrin tó lè fi ọmọ ta tẹ́tẹ́, kò dúró de Nabiyev kankan.”

Ọ̀rọ̀ yẹn yí ojú tí mo fi ń wo fíìmù náà padà. Mo ti ń fi bàbá yẹn ṣe àpẹẹrẹ àwọn olórí ìlú, bí ẹni pé ìwà tòde ló wọlé. Màmá mi gbé e láti inú ilé jáde. Ní tiwọn, ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń kọ́ ọkùnrin pé ó lè fi ohun ẹlẹ́mìí ta á láìbéèrè ni iyàrá bàbá rẹ̀. Gbàgede kàn fún un láyè láti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni. Mo gbà pé wọ́n rí ohun tí mi ò rí. Ó sì bá àwọn iṣẹ́ mìíràn tí Khudojnazarov ṣe mu. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, ní ọdún 1991, ó ti ṣe Bratan, fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun nípa ọmọkùnrin méjì, Farrukh àti àbúrò rẹ̀ Azamat, tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin rin ìrìn gígùn láti lọ bá bàbá wọn tó ń gbé níbòmíràn. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ lọ fi àbúrò sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá. Kò sí ìbọn nínú ìyẹn, kò sí ọkọ̀ ogun. Síbẹ̀ ọmọ ni wọ́n ń gbé kiri nítorí ohun tí àwọn àgbà ti bàjẹ́ sẹ́yìn. Leonid Makhkamov ló bá a kọ fíìmù méjèèjì, ó sì hàn pé ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ àwọn méjèèjì lọ́kàn.

Ó yẹ kí n dárúkọ fíìmù Tajik kan sí i níhìn-ín, nítorí òun náà wá òmìnira lọ́nà tirẹ̀: Flight of the Bee, tí Jamshed Usmonov àti Min Byung-hun, ọmọ Kòríà, ṣe ní ọdún 1998, lẹ́yìn àdéhùn àlàáfíà. Olùkọ́ tálákà kan wà níbẹ̀ tí aládùúgbò rẹ̀ tó jẹ́ ẹni ńlá fi ilé ìgbẹ́ sítòsí àgbàlá rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Olùkọ́ náà ta ohun tó ní, ó ra ilẹ̀ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilé ìgbẹ́ fún gbogbo ìlú síbẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n olùkọ́ náà ní ohun tó lè tà. Mira kò ní.

Ibẹ̀ ni mo ti ní ẹjọ́ pẹ̀lú Kosh ba Kosh, mi ò sì ní fi pamọ́ nítorí pé mo fẹ́ràn fíìmù náà. A mọ ohun tó wà lọ́kàn Daler. A mọ bí bàbá ṣe ń ronú, a tilẹ̀ ń káàánú rẹ̀. Mira ni a kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ láti ẹnu ara rẹ̀. Inú bí i, ó hàn lójú rẹ̀. Ó ń rìn jáde, ó ń kọ̀, ó ń dákẹ́. Àmọ́ mo fẹ́ gbọ́ ọ. Mo fẹ́ mọ ohun tó rí ní Moscow tó fi padà wá sí ìlú tí iná ń jó, nígbà tí ojú ọ̀nà gbogbo kún fún àwọn tó ń lọ. Ní ọdún 1989, àwọn ará Rọ́ṣíà tó ń gbé ní Tajikistan ju 388,000 lọ. Nígbà tí wọ́n tún kà wọ́n ní ọdún 2000, wọn kò ju nǹkan bí 68,000 lọ mọ́. Lónìí, àwọn ọmọ Tajik fúnra wọn ló ń rọ́ lọ sí Moscow, wọ́n ń kọ́lé, wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Ọmọbìnrin tó ti ibẹ̀ padà ní 1992 ní ohun tí yóò sọ nípa òmìnira tí ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ wáyà kò lè sọ. Fíìmù náà kò bi í. Ó dùn mí pé olùdarí tó rí ẹ̀ṣẹ̀ bàbá kedere bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe irú rẹ̀.

Khudojnazarov fúnra rẹ̀ kò dúró. Ó kó lọ sí Berlin ní ilẹ̀ Jámánì. Ó padà wá ya Luna Papa ní Tajikistan, ó parí rẹ̀ ní ọdún 1999, ìyẹn sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n káàkiri ayé. Ó kú ní Berlin ní oṣù Kẹrin ọdún 2015. Kò pé ẹni àádọ́ta ọdún.

Èmi àti Màmá mi kò tíì fẹnu kò lórí Daler. Èmi rí ọmọ tó fi iṣẹ́ rẹ̀ àti ìfẹ́ rẹ̀ dáàbò bo ẹlòmíràn nígbà tí àwọn tó dàgbà jù ú lọ kò ṣe é. Wọ́n ní òun náà jókòó sídìí tẹ́tẹ́ yẹn kó tó rí Mira, pé bí kì í bá ṣe pé ojú ọmọ náà wù ú ni, kò bá ti dìde. Wọ́n bi mí bóyá ó máa dìde fún ọmọbìnrin tí kò wù ú. Mo sọ pé fíìmù náà kò fi ìyẹn hàn wá. Wọ́n ní ìdí tí àwọn fi ń béèrè nìyẹn. Bratan la tún jọ fẹ́ wò báyìí, mo sì ti sọ fún wọn pé àwọn ọmọ méjì tó wà nínú ọkọ̀ ojú irin yẹn kò jókòó sídìí tẹ́tẹ́ kankan rí.